Dàpọ̀ Tí Kì Í Dáhùn Pé A Dúpẹ́

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Ẹ kú òòrùn, ẹ kú ìtọ́jú. Mo kí Bàbá, mo kí Ìyá Àgbà. Mo kí Dàpọ̀ àbúrò mi náà, ṣùgbọ́n ìkíni tirẹ̀ kò pọ̀. Inú ìwé ìròyìn ni mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sí, torí òun ni yóò kà á fún yín, ó sì lè fo ibi tí mo ti bú u. Bó bá fò ó, ará Ọ̀mù-Àrán mìíràn yóò kà á síta.

Níbí lókè òkun, òjò ń rọ̀ bí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́. Èmi náà ń ṣiṣẹ́: páálí ni mò ń gbé ní ilé ìkẹ́rùsí. Ìwé ẹ̀rí Pólì mi wà nínú àpótí, òun kò gbé nǹkan kan.

Ẹ sọ lórí fóònù pé ara Dàpọ̀ ti ń yá. Ẹ ní dókítà ní Ìlọrin fún un ní oògùn àárẹ̀ ọkàn, ó sì ní kó tún máa lọ bá nọ́ọ̀sì kan sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ń wọ mọ́tò gba Àjàṣẹ́-Ìpo lọ, á sọ̀rọ̀, á sunkún, á padà wálé wá jẹ iyán. Ẹ ní ẹ̀yin náà ti mọ bí wọ́n ṣe ń bi í. Bó bá jẹun tán, ẹ ó ní, "Dàpọ̀, kí ló wúwo lónìí?" Ẹ ó sì dákẹ́ títí yóò fi sọ ọ́ tán.

Ìyá mi, ìlara fẹ́ pa mí.

Ẹ kò mọ̀ pé èmi náà ń lo irú oògùn yẹn. Àníyàn kò jẹ́ kí n sùn, ìbànújẹ́ kò jẹ́ kí n dìde. Dókítà ibí ní oògùn á ṣe tirẹ̀, ọ̀rọ̀ sísọ á ṣe tirẹ̀, kí n má fi ọ̀kan sílẹ̀. Ni obìnrin kan bá ń pè mí lórí fóònù. Ó béèrè bí mo ṣe wà. Mo ní a dúpẹ́. Ó béèrè bí mo ṣe ń sùn. Mo ní a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó béèrè bóyá ẹkún ń gbọ̀n mí; mo béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ rẹ̀. Bí ẹ ṣe tọ́ mi nìyẹn: wọn kì í kí ènìyàn kó máa ka àìsàn. Nígbà tó yá, obìnrin náà fi ayọ̀ dágbére, ó ní ara mi ti le ju ti gbogbo àwọn tí òun ń bá sọ̀rọ̀ lọ. Ó ku oògùn nìkan. Oògùn náà ń gbìyànjú.

Dàpọ̀ tí ẹ nà títí torí kì í dáhùn ìkíni, òun ló ń jẹ iyán. Èmi ọmọlúàbí, mo ń wo àjà.

Mo ti padà lọ bá dókítà. Obìnrin náà yóò tún pè lọ́jọ́bọ̀. Mo fẹ́ fi yín kọ́ bí wọ́n ṣe ń dáhùn òótọ́ kó tó pè. Bí ẹ bá pè mí lọ́jọ́ Àìkú, ẹ má bi mí bóyá àlàáfíà ni. Ẹ bi mí bí ẹ ṣe ń bi Dàpọ̀, kí ẹ sì dákẹ́. Bí mo bá ní a dúpẹ́, ẹ má ṣe àmín. Ẹ tún bi mí.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún èmi náà, kì í ṣe fún Dàpọ̀ nìkan. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àtèwe àtàgbà.

Èmi ni ọmọ yín tí ara rẹ̀ kò yá,
Délé.