Ìyá Wa Ni Mò Ń Wẹ̀ Fún, Ìyá Oníyàá Ni Ìwọ Ń Wẹ̀ Fún

                                                  Yàrá Ẹ̀yìn, Ilé Màámi,
                                                  Ẹ̀gbẹ́ Ilé Ìfọṣọ.
                                                  Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, ọmọ ìyá mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. O kú iṣẹ́, o kú làálàá, o kú òtútù tí o ní ó ń gé ọ létí. Ṣé ara le? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé èyí àbúrò ti hu eyín? Àwa náà wà láàyè. Màámi jẹun láàárọ̀ yìí, wọ́n sì ti bú mi lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn ni pé ara wọn yá díẹ̀.

Mo rí fọ́tò tí o fi ránṣẹ́, èyí tí o ti wọ aṣọ iṣẹ́, tí o dúró ti ìyá àgbà kan lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọkọ mi ní o ti sanra, o ti dára. Àbúrò mi, mi ò wo ojú rẹ rárá. Ẹ̀yìn rẹ ni mò ń wò, níbi tí ẹ̀rọ ńlá yẹn wà, èyí tí o ní ó ń gbé àwọn arúgbó kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì bọ́ sórí àga. Mo fi ìka fẹ fọ́tò náà, mo ń wo ẹ̀rọ yẹn títí iná fóònù fi kú. Mò ń jowú rẹ. Jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí o má bàa rò pé orí ló ń fọ́ mi.

Iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe. Ìwọ ń tọ́jú arúgbó nílé ìtọ́jú àgbàlagbà níbẹ̀, èmi ń tọ́jú aláìsàn ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin níbí. Èmi ni mo kọ́kọ́ wọ iṣẹ́ náà, èmi ni mo sì fi hàn ọ́ bí a ṣe ń yí aláìsàn padà kí awọ ẹ̀yìn rẹ̀ má bàa bó. Lónìí, bí o bá fẹ́ gbé èèyàn, o ó tẹ bọ́tìnì. Bí èmi bá fẹ́ gbé èèyàn, màá kọ́kọ́ ké pe Ọlọ́run. Ẹ̀yin ń ju ìbọ̀wọ́ nù lẹ́yìn ẹnì kan ṣoṣo. Àwa ń fọ tiwa, a ń sá a sórí okùn lẹ́yìn wọ́ọ̀dù, atẹ́gùn á kó sí i nínú, á sì máa juwọ́ sí àwọn àlejò. O ti fi iṣẹ́ yẹn ra ilé. Èmi ti fi tèmi ra oògùn ẹ̀yìn. Ṣé àwọn arúgbó ibẹ̀ wúwo ju tibí lọ ni? Wọ́n á ní ìka ò dọ́gba. Mo gbà, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan náà ni gbogbo wọn wà. Kí ló dé tí ọ̀kan ń wọ òrùka tí èkejì ń fọ ìbọ̀wọ́?

Ìyá inú fọ́tò yẹn gan-an, mo jowú rẹ̀ nítorí Màámi. Òun àti Màámi á jẹ́ ẹgbẹ́. Bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ ń dìde fúnra rẹ̀. Fóòmù Màámi ti jìn láàárín, bí wọ́n bá ti rì síbẹ̀, èmi àti ọkọ mi la jọ ń fà wọ́n yọ.

Síbẹ̀, ìwọ ni wọ́n ń fi yangàn. Bí àlejò bá wọlé, wọ́n á ní, àbíkẹ́yìn mi tó wà lókè òkun, àbíkẹ́yìn mi tó fi ìbora yìí ránṣẹ́. Èmi á dúró sí ẹ̀gbẹ́ wọn pẹ̀lú póò lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan àlejò kan béèrè pé ta ni mí. Wọ́n ní, "Èyí tó wà nílé nìyẹn." Láti ìgbà tí mo ti ń wẹ̀ fún wọn, wọn ò gbé ọwọ́ lé mi lórí rí kí wọ́n ṣàdúrà fún mi bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọ lórí fóònù. Dókítà sì ti ní ká má fi ọkàn sí ọdún tó ń bọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń fẹ́ lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó lọ ni àdúrà yẹn.

Àfi bí o ṣe ránṣẹ́ pé kí n wá obìnrin kan tí yóò máa wẹ̀ fún wọn, pé ìwọ ni yóò máa sanwó rẹ̀. Inú bí mi gan-an. Ìyá oníyàá lò ń wẹ̀ fún níbẹ̀, owó rẹ̀ lo fẹ́ fi gba ẹni tí yóò wẹ̀ fún ìyá tiwa. Obìnrin náà á fi ìyá tirẹ̀ sílẹ̀ wá síbí. Ta ni yóò wá wẹ̀ fún ìyẹn? Àyè kan ṣoṣo tó kù fún mi lọ́dọ̀ Màámi, o tún fẹ́ rà á.

Mo wá ní màá fi hàn ọ́. O máa ń sọ pé níbẹ̀, ẹ kì í fọwọ́ kan arúgbó láìkọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe fún un, tẹ̀sọ̀tẹ̀sọ̀. Níbí, ta ló ráyè? Wọ́ọ̀dù kún, à ń wẹ̀ fún èèyàn bí ẹni ń fọ abọ́ ni. Kì í ṣe lásán lẹ fi ń pè mí ní Sójà. Ṣùgbọ́n lánàá, mo gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wọlé, mo rọ ohùn mi. Mo ní, "Màámi, mo fẹ́ gbé apá yín sókè díẹ̀ o." Mo dúró. Mo ní, "Ó ku ẹ̀yìn yín báyìí. Omi náà ò tutù."

O mọ̀ pé ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Àbíkẹ́yìn mi, o ti dé? Ìgbà wo lo dé?"

Ó yẹ kí n ní Sójà ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń sunkún, wọ́n ń fọwọ́ wá ojú mi kiri. Mo ní, "Àárọ̀ yìí ni mo dé, Màámi." Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé mi lórí, omi ń kán sí mi lọ́rùn, wọ́n ṣàdúrà pé mi ò ní ṣe làálàá láìjèrè, pé àwọn ọmọ mi á tọ́jú mi tọwọ́tẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rẹ ohùn wálẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n ẹ ń gbìyànjú gan-an. Òun ni mi ò lè ṣe aláìní. Má sọ fún un pé mo sọ bẹ́ẹ̀ o, á gbéra ga." Mo ní mi ò ní sọ fún un. Mo ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀ lórúkọ rẹ.

Nítorí náà, mi ò wá obìnrin kankan. Bá mi kí ọkọ rẹ, sọ fún àwọn ọmọ pé ìyá wọn àgbà ń bẹ. Ọkọ mi ń kí ọ. Màámi ò kí ọ, torí wọ́n rò pé o wà nílé. Láti àná, wọn ò béèrè fóònù mọ́. Má pè. Bí àdúrà yẹn bá jẹ́ tìrẹ, wọ ọkọ̀ òfurufú wá gbà á lọ́wọ́ mi, kí o sì tètè wá. Mi ò ní fi í ránṣẹ́.

Tìrẹ ṣì ni mí, towú-towú,

Sójà.