Wọ́n Ń Wá Ẹni Tó Mọ Iṣẹ́ Àwọ̀n

Gannet Cove, Newfoundland
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Karùn-ún

Dorcas ọmọ mi,

Kùrukùru bo etíkun láti àárọ̀, mi ò rí ọkọ̀ ara mi níbi tí mo so ó mọ́, ṣùgbọ́n ojú ọkàn mi rí ọ kedere ní Toronto níbẹ̀. Olúwa tó ń ṣọ́ ẹni tó wà lórí omi á máa ṣọ́ ìwọ tó wà láàárín èrò. Ìyá rẹ ń kí ọ, orúnkún rẹ̀ ti fúyẹ́ díẹ̀, ó ń bèèrè bóyá òótọ́ ni pé ilé ìwé mẹ́ta ló ń du ọ́ bí ẹyẹ òkun ṣe ń du ìfun ẹja. Mo ní òótọ́ ni, kọ̀ǹpútà ti pọ̀ nílé ìwé ju ẹni tó mọ̀ ọ́n tọ́jú lọ.

Ó ti lé ní ọdún kan tí ìwé kan ti wà lára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, pé ilé ìwé wa ń wá ẹni tó mọ iṣẹ́ àwọ̀n. Èmi tí mo ti ń hun àwọ̀n láti ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, ojú tì mí pé mo jókòó sílé. Mo mú abẹ́rẹ́ àti okùn, mo lọ bá Ìyáàfin Rideout, ọ̀gá ilé ìwé, mo bi í pé ibo ló ti ya. Ó wo abẹ́rẹ́ ọwọ́ mi títí, kò rẹ́rìn-ín, ó ní àwọ̀n tí òun ń wí, ojú kì í rí i, inú afẹ́fẹ́ ló wà, òun ló ń gbé ohùn olùkọ́ ìṣirò láti St. John's wá sínú kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ. Dorcas, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo dúró lójú fèrèsé, mo ń wo ojú ọ̀run, ó ń ṣe mí bíi pé mo rí okùn tín-ín-rín tó nà kọjá orí omi, tí ohùn àwọn ọmọdé há sí i bí ẹja wẹ́wẹ́ tó ń dán.

Ó ní ìjì ti yí àwo ńlá tó ń gba ohùn náà lórí òrùlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní ta ló ń jẹun níbẹ̀. Mo ṣáà gòkè, mo ń yí i díẹ̀díẹ̀, àwọn ọmọ mọ́kànlá ń ké láti ìsàlẹ̀ pé ó kù díẹ̀, ó kù díẹ̀, títí gbogbo wọn fi dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí mo sọ̀, obìnrin kan ti wà nínú kọ̀ǹpútà, ó ń juwọ́ sí mi. Mo ṣí fìlà fún un.

Ìyáàfin Rideout fún mi ní fọ́ọ̀mù. Níbi tí wọ́n ti bèèrè ìwé ẹ̀rí, mo kọ ọ́ pé ọkọ̀ mi kò rì rí. Mo ní kó má bínú, mo mọ̀ pé irú ọmọ mi ni wọ́n ń wá.

Ó ní, “Ọ̀gá atukọ̀, irú ọmọ yín la ti ń wá láti ọdún tó kọjá, ìlú ńlá ń gbà wọ́n mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ̀yin nìkan lẹ wọlé wá.”

Ó ní bí àwọn ò bá rí ẹnikẹ́ni kí oṣù Kẹsàn-án tó dé, wọn á ti ilé ìwé náà pa, àwọn mọ́kànlá yìí á lọ máa gbé nílé onílé nílùú mìíràn nítorí ìwé kíkà.

Mi ò ní kí o fiṣẹ́ sílẹ̀. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra bàtà tí kì í yọ̀ lórí òrùlé, kí o sì máa kọ iṣẹ́ náà sínú lẹ́tà fún mi, díẹ̀díẹ̀, lọ́rọ̀ tó máa yé apẹja, nítorí mo ti gbà á, ọjọ́ Ajé ni màá bẹ̀rẹ̀.

Ọwọ́ rẹ kò ní gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́. Èbúté tó o bá gúnlẹ̀ sí, ilẹ̀ ibẹ̀ á gbà ọ́.

Bàbá rẹ,
Ambrose Vey