Fìlà Tí N Kò Ṣí

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Ara mi le, oúnjẹ ilé-ẹ̀kọ́ ẹṣin Saumur níbí sì ń wọlé dáadáa. Bí mo ṣe ṣubú lórí ẹṣin lọ́jọ́sí ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Servane tá a jọ ń gun ẹṣin ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, ọ̀lẹ ló mú mi. Ó ní, "Ọ̀lẹ wo? Sọ òótọ́ nípa ọwọ́ ẹ fún bàbá ẹ jàre!" Mo ní kó kọ ohun tí mo pè.

Nínú fọ́tò yìí, gbogbo àwa agẹṣin aláṣọ dúdú ti Saumur ló fi ọwọ́ ọ̀tún ṣí fìlà kí èrò, àfi èmi. Ẹ má bínú, ẹ̀kọ́ ilé kò sọnù. Ilẹ̀ ni mo dúró sí. Servane ló gun Ardoise, ẹṣin mi. Bí wọ́n ṣe dé ọ̀dọ̀ mi, ẹṣin náà dúró, kò lọ mọ́. Ọ̀gá wa ní, "Má gún un ní kẹ́sẹ́. Jẹ́ kó kí èèyàn rẹ̀."

Ẹ bá mi kí Màmá. Ẹ gbé gàárì mi tó wà lára ògiri fún Enora, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Tó bá ti jókòó lé e lórí ẹṣin tán, kó bá mi fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣí fìlà kí yín.

Perrig, ọmọ yín.