Ọ̀pá Kúkúrú Ni Mo Rà

Jamaldeen, àbúrò mi,

Bá mi kí Àlàájà ìyá wa, kí o sì kí Ṣìkẹ́ ìyàwó wa. Ìkámà ọkọ mi tí a ń dúró dè ti jáde, a ti ní ìwé ìgbélùú. Orúnkún ló kàn ń dùn mí láti ìgbà tí a ti Mẹ́kà dé.

Ẹsẹ̀ yìí náà ni mo fi rin gbogbo ọjà Hindawíyà níbí, tí mò ń wá ọ̀pá tó ń di ayùn róbótó mú lára ẹ̀rọ tí o fi ń gé irin nílé. O ní kó gùn, kó lè dé ibi tó jìn. Ọlọ́jà ní, "Hájà, èyí tó gùn ń jẹ́ kí ayùn gbọ̀n, ayùn tó bá sì ń gbọ̀n máa ń ṣẹ́."

Kúkúrú tó ki ni mo rà. Iṣẹ́ tí ọ̀pá yìí kò bá lè dé inú rẹ̀, dá a padà fún ẹni tó gbé e wá. Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò.

Má bínú, ó ti rẹ̀ mí. Ayùn tó ṣẹ́ lọ́dún tó kọjá ti gba ojú ọ̀tún rẹ. Mi ò lè fi owó ara mi ra èyí tó máa gba tòsì.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Kulthum