Ilẹ̀ Obìnrin Tí Kò Lọ́kọ

Ọjọ́ Ajé, 5 Oṣù Kẹta, 1883
Orúkọ mi jáde nínú ìwé ìròyìn: Keziah Tolliver fẹ́ wá gba ìwé ilẹ̀ rẹ̀, ẹni tó bá lòdì sí i kó wá sọ ọ́. Ìjọba ní ẹni tó bá gbé orí ilẹ̀ tó sì ro ó fọ́dún márùn-ún ló ni ín. Ọdún márùn-ún gbáko rèé lórí pápá Kansas yìí! Mo fọwọ́ ara mi gbẹ́ ilé sínú ilẹ̀. Mo fi ìgbẹ́ màlúù dáná. Ọ̀dá pa àgbàdo mi lẹ́ẹ̀mejì. Kí ẹnì kan wá dúró níwájú mi kó ní kì í ṣe tèmi, ká jọ wò ó.

Ọjọ́rú, 14 Oṣù Kẹta
Yìnyín. N kò ṣe nǹkan kan.

Ọjọ́ Àìkú, 1 Oṣù Kẹrin
Ansel dé. Ọkọ mi.
Mo tún un kọ kí n lè gbà á gbọ́: Ansel dé.

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹrin
Iṣẹ́ rélùwéè ló ń ṣe lọ́nà Colorado. Ẹnì kan ń ka ìwé ìròyìn sókè nídìí oúnjẹ, ó gbọ́ orúkọ mi. Ọdún mẹ́tàlélógún lẹ́yìn tí Ọ̀gá tó ni wá lẹ́rú tà á ní Kentucky! Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì tí mo gbọ́ orúkọ rẹ̀ ni mo kọ lẹ́tà sí nítorí rẹ̀. Ó ti hewú. Ó wo ilé mi títí, ó ní, "Keziah, ṣé o ti di òkété ni?" Mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́.

Ọjọ́rú, 4 Oṣù Kẹrin
Àǹtí Dorcas, aládùúgbò mi tó máa jẹ́rìí fún mi ní ọ́fíìsì ilẹ̀, wá kí wa. Ó wo Ansel tán, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Obìnrin tó wà nílé ọkọ kò lè gba ilẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ẹni tó dá wà ni mo ṣe gba tèmi.

Ó ní, "Bí wọ́n bá bi ẹ́, o ò lọ́kọ. Ṣebí ẹ ò níwèé ìgbéyàwó? Ìgbálẹ̀ lásán lẹ jọ fò kọjá láti fẹ́ra yín, bíi gbogbo ẹrú."
Mo ní, "Ẹ̀yin náà fò ó, Àǹtí. Ṣé Bàbá Josiah kì í ṣe ọkọ yín ni?"
Ó ní, "Josiah ti kú. Kò sẹ́ni tó máa torí ẹ̀ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ mi."
Ẹnu obìnrin yìí!

Ọjọ́ Ẹtì, 6 Oṣù Kẹrin
Ansel di ẹrù. Ó ní òun á padà sídìí rélùwéè títí ìwé á fi jáde. Mo tú ẹrù náà ká. Mo ní wọ́n ti gbé e kúrò lọ́dọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan, èmi ò ní fọwọ́ ara mi lé e lọ lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní orí mi le. Ó le.

Ọjọ́rú, 11 Oṣù Kẹrin
Mo sọ fún Àǹtí Dorcas pé n kò ní parọ́, kò kí mi mọ́. — Mo rìn yí ilẹ̀ náà po, mo fọwọ́ kan òkúta igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ̀rù ń bà mí. N ó sọ òtítọ́ síbẹ̀. Bí wọ́n bá gba ilẹ̀ náà, a ó lọ gbẹ́ ilé mìíràn.

Ọjọ́bọ̀, 19 Oṣù Kẹrin
A lọ sí ọ́fíìsì ilẹ̀ lónìí. Àǹtí Dorcas wá jẹ́rìí, ó ń kùn. Wọn ò jẹ́ kí Ansel wọlé. Akọ̀wé — Onírùngbọ̀n Pupa — ní kí n búra.
"Keziah, ṣé o lọ́kọ?"
"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."
Àǹtí Dorcas mí kanlẹ̀. Ọkùnrin náà béèrè ìwé ìgbéyàwó. Mo ní kò sí. Ẹrú ni wá, iwájú Ọ̀gá la ti fo ìgbálẹ̀ lọ́dún 1857. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ìyẹn kì í ṣe ìgbéyàwó lójú òfin, kí n má fi àkókò òun ṣòfò. Ó kọ ọ́ sílẹ̀: kò lọ́kọ rí. Ó lu òǹtẹ̀. Ilẹ̀ di tèmi.

Mo sọ òtítọ́, wọn ò gbà á lọ́wọ́ mi. Inú mi dùn, inú sì ń bí mi débi pé n kò rí ilẹ̀kùn.

Ansel gba ìwé náà lọ́wọ́ mi níta. Kò mọ̀wé kà. Ó ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan, ó ń rẹ́rìn-ín.
"Orúkọ mi ńkọ́, Keziah? Èwo ni?"
Mo gbé ìka rẹ̀ lé orí orúkọ tèmi. Mo ní òun nìyẹn.