Àwọn Nọ́ọ̀tì Abẹ́ Ọkọ̀ Afẹ́fẹ́

                                        Ojúlé Kẹtàdínlógún,
                                        Òpópónà Ilé-Ìwé.
                                        Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dun màmá, ṣé ó ti fúyẹ́? Àwa náà wà, a dúpẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ ló kù kí n kọ lẹ́tà yìí sí ẹ láti àtìmọ́lé.

O ò ní gbàgbé Sípánà, ìyàwó mi, tá a jọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà. Lọ́jọ́ Ajé, oníbàárà wa tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Afẹ́fẹ́ nítorí eré àsápajúdé gbé ọkọ̀ eré rẹ̀ wá. Ó ti ra sípíríìngì kúkúrú àti ṣọ́ọ̀kì líle, ó fẹ́ ká fi rọ́pò èyí tí ọkọ̀ náà bá dé, kó lè sún mọ́lẹ̀, kó má sì máa fì tó bá ń ya kọ́nà. Ó bi mí pé ta ló máa ṣe é. Ẹnu mi yìí ló yá, mo ní èmi nìkan ni, pé ìyàwó mi kàn ń bá mi gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ni. Sípánà sì gbọ́. Odidi ọjọ́ méjì ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, mo ti to gbogbo rẹ̀ pọ̀. O mọ òfin ọ̀gá wa: tí ọkọ̀ bá wà lórí jáàkì, ọwọ́ lásán la fi ń wé nọ́ọ̀tì, ó dìgbà tó bá fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹlẹ̀ ká tó fi sípánà fún wọn le, kí rọ́bà inú irin tí nọ́ọ̀tì náà dì mú má baà lọ́ kó sì ya. Lẹ́yìn náà la ó wá fi ọ̀dà funfun sàmì sí wọn, ká lè mọ̀ pé wọ́n ti le. Mo sọ ọkọ̀ kalẹ̀, àmọ́ gìrìísì ti bò mí dé irun, mo ní kí n sáré wẹ̀ ná. Kí n tó jáde, Afẹ́fẹ́ ti mú kọ́kọ́rọ́ lára ìṣó, ó ti wa ọkọ̀ lọ.

Ọ̀rẹ́ mi, n kò tíì fún ẹyọ nọ́ọ̀tì kan le! Mo pè é, kò gbé fóònù. Sípánà ti lọ mú àwọn ọmọ nílé ìwé, fóònù tiẹ̀ wà lórí tábìlì. Mo yá alùpùpù fọkanáísà, mo gbá yá Afẹ́fẹ́ ní títì márosẹ̀, mò ń wo inú kòtò lọ́tùn-ún lósì. Ilé epo ni mo bá a, ó ń ṣe fáàrí fún àwọn tó ń ta epo pé ọkọ̀ òun lẹ̀ mọ́ títì. N kò kí i. Abẹ́ ọkọ̀ ni mo wọ̀.

Nọ́ọ̀tì mẹ́rìndínlógún ló wà níbẹ̀. Mo fi sípánà kan ìkọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó mira. Ìlà pupa wà lórí gbogbo wọn. Ọ̀dà tí Sípánà fi ń kun èékánná ni!

Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mo sunkún ayọ̀. Nígbà tí mo délé, mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní, "Ṣé o bi mí ni? O lọ wẹ̀, iṣẹ́ ò tíì parí, mo bá ẹ parí ẹ̀. Ọ̀dà funfun ti gbẹ, mo lo tèmi. Àbí kí n torí pé mò ń bínú sí ẹ, kí n jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ kú?"

Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Lánàá, a jọ lọ sílé Afẹ́fẹ́, mo sì sọ fún un lójú Sípánà pé ìyàwó mi yìí ló fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ le. Afẹ́fẹ́ ní tó bá di iṣẹ́ mìíràn, ìyàwó mi lòun fẹ́ kó ṣe é. Ó dùn mí díẹ̀, àmọ́ n kò janpata.

Bá mi kí màmá àti ìyàwó. Sípánà náà ní kí n kí ẹ. Ó ti ń bá mi sọ̀rọ̀ báyìí, kódà kò dákẹ́ mọ́, n kò sì fẹ́ kó dákẹ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí orí kó yọ,

Ológìrìísì.