Ìdí Tí Akígbe Fi Ń Falẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kẹta, 2002

Íńtánẹ́ẹ̀tì ilé wa ti di ìgbín. Láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni Àkọ́bí ti ń ṣí fọ́ọ̀mù yunifásítì. Aago márùn-ún lù, ìdajì ojú ìwé la rí. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa ti ètò náà pa. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wo etí aráyé, ẹ bá wa wo ti kọ̀ǹpútà." Ẹnu ọmọ yìí!

Àmọ́ ó ta mí lólobó. Ìró ni nǹkan yìí fi ń ṣiṣẹ́. Módẹ́ẹ̀mù, àpótí tó so kọ̀ǹpútà mọ́ tẹlifóònù—Akígbe ni mo sọ ọ́—ń ké gba inú wáyà tẹlifóònù, èkejì rẹ̀ ń ké dá a lóhùn lọ́hùn-ún. Bí ìró mìíràn bá já wọ àárín wọn, wọ́n á máa tún ọ̀rọ̀ sọ, bí aláìsàn mi tó máa ń béèrè "Hẹ̀n-ín?" lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó dáhùn. Kí ló wá ń já wọ̀ ọ́?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5

Mo pààrọ̀ wáyà, mo nu gbogbo ojú ihò. Pàbó.

Ọjọ́rú, 6

Mo fa ìlà sí bébà, mo ń kọ bí Akígbe ṣe ń yára sí ní wákàtí kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Aago mẹ́fà àárọ̀—ó yára gan-an. Aago mẹ́ta, tí mo ti ibi iṣẹ́ dé—dáadáa. Aago mẹ́rin—ó kú sára. Ooru kọ́, òjò kọ́. Oníṣẹ́ tẹlifóònù gun òpó, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Dókítà, ara wáyà yín le ju tèmi lọ." Wáyà kì í sì í wo aago. Èèyàn ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí.

Màmá, ìyá ọkọ mi, fajú ro nídìí oúnjẹ. Akọ̀wé—orúkọ tí mo sọ àbúrò ọkọ mi nìyẹn—ò tíì pè wọ́n láti ọjọ́ Ajé, òun tó máa ń pè ní aago mẹ́rin géérégé. "Ó ti níyàwó, ó ti gbàgbé mi."

Ọjọ́bọ, 7

Aago mẹ́rin. Mo fi Àkọ́bí sídìí kọ̀ǹpútà, mo rọra rìn yí ilé ká. Tẹlifóònù méjì ló wà lórí wáyà kan náà. Ti pálọ̀ wà ní ìdúró rẹ̀. Ilẹ̀kùn yàrá Màmá ṣí díẹ̀: wọ́n gbé tiwọn lé etí. "Hẹ̀lóò? Bàbá mi, ṣé ìwọ nìyẹn?"

Àṣírí tú! Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Mo gbà á, mo gbé e sétí—mo sáré gbé e kúrò. Akígbe ń han goooro nínú ẹ̀. Mo ní, ṣé ariwo yìí ò dùn wọ́n létí ni?

Wọ́n wo ẹnu mi. "Ariwo wo?"

Lẹ́yìn náà: "N kì í gbọ́ ọ mọ́ bó bá ń dún, ìyàwó mi. Mo wá ń gbé e wò, bóyá ọmọ mi ti wà níbẹ̀."

Ìró tó tín-ín-rín ló kọ́kọ́ ń sọnù létí àgbà. Ohùn tó nípọn á ṣì máa wọlé. Ojoojúmọ́ ni mo ń ṣàlàyé èyí fáwọn èèyàn. Ọdún mẹ́ta ni Màmá ti ń bá wa gbé. Mo rò pé ìfẹ́ ló ń jẹ́ kí wọ́n máa tẹjú mọ́ mi bẹ́ẹ̀ tí mo bá ń sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 8

Fọ́ọ̀mù wọlé láàárín ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Mo ti kọ orúkọ Màmá sórí káàdì àwọn tí màá yẹ etí wọn wò lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, nọ́ńbà kìíní.

A pa Akígbe, kó má bàa gba wáyà mọ́ ẹni tó bá fẹ́ pè lọ́wọ́. Aago mẹ́rin, tẹlifóònù dún. Màmá jókòó tì í, wọn ò yíjú. Akọ̀wé ni: "Ìyàwó wa, láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń pè, kò wọlé!" Mo gbé e fún Màmá. Ojú wọn tàn. "Hẹ̀n-ín?"

Mo kà á. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, kí wọ́n tó dá a lóhùn.